Òṣùwọ̀n Kò Sọ Gbogbo Rẹ̀: Ìwọ̀n Ara Tó Yẹ Àwọn Àgbà Wa

Nígbà tí ìyá mi pé ẹni ọdún 74, wọ́n lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì. Ẹni tó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n wo nọ́ńbà, ó wo àtẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní, "Màmá, ẹ ti sanra jù. Ẹ lọ dín oúnjẹ kù." Kò sọ èyí tí wọn yóò dín, kò sì sọ bí yóò ti pọ̀ tó. Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ oníṣègùn ṣeré. Wọ́n délé, wọ́n pa iyán tì, wọ́n pa ẹ̀wà tì, wọ́n ní inú ẹran àti ẹyin ni ọ̀rá wà. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń mu láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń mu lálẹ́.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó ráyè wálé láti Ìkẹ́rẹ́. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń fọ aṣọ. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn, òrùka ìgbéyàwó wọn yọ̀ kúrò níka, ó rì sínú omi ọṣẹ. Òrùka tí a kì í lè bọ́ láìfi òróró pa ìka! Mo wo ìró wọn: wọ́n ti wé e yí ara ká lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ ṣì kù nílẹ̀. Aládùúgbò kan tó ń kọjá ní, "Ẹ ò rí ìyá wa, wọ́n ti di ọmọge padà!" Inú ìyá mi dùn. Àyà tèmi já. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wọn àwọn àgbà.

Mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Kílò 68 ni wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù. Wọ́n ti di 61. Nígbà tí mo wá fi wé irú àtẹ tó wà lára ògiri yẹn, àtẹ ní ó dára, wọ́n ti bọ́ sí ààyè àwọn tí ìwọ̀n wọn péye. Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú gan-an nìyẹn. Àtẹ ń yin ìyá mi nígbà tí okun ń jò kúrò lára wọn.

Ìṣirò tí wọ́n fi ṣe àtẹ náà ni wọ́n ń pè ní BMI. Ẹ mú ìwọ̀n yín ní kílò. Ẹ mú gíga yín ní mítà, ẹ fi gíga náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n. Ìyá mi ga ní mítà 1.58. Tí ẹ bá fi 1.58 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí 2.5, ó dín díẹ̀. Ẹ fi pín 68, ó di 27.2. Ẹ fi pín 61, ó di 24.4. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 18.5 ti rù jù, láti 18.5 dé 24.9 ló dára. Ẹni tó bá dé 25 ti ń sanra jù. Ẹni tó bá dé 30, sísanra náà ti di ohun tí à ń tọ́jú.

Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840. Onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò ni, kò ṣe dókítà rárá. Ohun tó ń wá ni bí ara èèyàn ṣe máa ń rí tí a bá kó ogunlọ́gọ̀ èèyàn jọ. Kò fi wá àìsàn ẹnì kankan. Ní 1972 ni Ancel Keys, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Mi ò sọ pé kò wúlò o. Ó yá, kò náni lówó, ó sì ń ta wá lólobó. Ṣùgbọ́n ààlà kan náà ni wọ́n fi ń wọn ẹni ogún ọdún àti ẹni ọgọ́rin ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni ara àwọn méjèèjì kò rí bákan náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo gíga. Àgbà ń kúrú. Àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ń gbẹ, wọ́n ń fẹ́lẹ́. Eegun náà fúnra rẹ̀ lè rún díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn á sì tẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ tí ìyá mi fi lọ sí Jerúsálẹ́mù ṣì wà nínú àpótí wọn, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mítà 1.63. Tí a bá fi gíga ìgbà náà ṣe ìṣirò kílò 68, ohun tí a ó rí ni 25.6. Ẹ̀yìn tó kúrú nìkan ló sọ ọ́ di 27.2, ọ̀rá kankan kò lé wọn lára. Fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ gan-an, ẹ má fi dandan nà án mọ́ ògiri. Kí ó na apá méjèèjì sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó ìka kan dé ṣóńṣó ìka kejì: ó máa ń sún mọ́ gíga tó ga nígbà èwe rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ló ká mi lára jù. Òṣùwọ̀n kò mọ ohun tó ń wọ̀n. Kílò kan ọ̀rá, kílò kan omi, kílò kan iṣan, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Iṣan ni mò ń pe ẹran líle tó so mọ́ eegun, èyí tó ń gbé wa dìde lórí àga, tó ń mú wa gun òkè, tí kì í jẹ́ ká ṣubú nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti máa ń dín, ìdá 3 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ní 1989, onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, fún un lórúkọ láti inú èdè Gíríìkì: sarcopenia. Sarx ni ẹran ara, penia ni òṣì. Òṣì ẹran ara. N kò tíì rí orúkọ àìsàn tó ba ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ mu tó bẹ́ẹ̀. Àgbà lè sanra kí òṣì yìí sì wà lábẹ́ ọ̀rá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Nílé wa, odó ló kọ́kọ́ sọ fún wa, a ò gbọ́. Tẹ́lẹ̀, ìyá mi a gún iyán fún èèyàn mẹ́fà láìpe ẹnì kankan. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọmọdé inú ilé máa bá wọn kọ́kọ́ fọ́ iṣu kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní àwọn kúkú fẹ́ràn ọkà. A rò pé ẹnu wọn ló yí padà. Ọmọ odó ló ti wúwo ju apá wọn lọ.

Ní 2011, nígbà tí ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà ní 5,000 náírà lóṣooṣù, ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n kà sí àgbà. Ọjọ́ orí yẹn náà ni àwọn olùwádìí máa ń lò. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà kó ìwádìí 32 jọ, èyí tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó 198,000, ẹni ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn. Wọ́n rí i pé àwọn tí BMI wọn wà láàárín 24 sí nǹkan bí 31 ni ikú kò tètè mú. Ewu ti ń pọ̀ sí i fún ẹni tí kò tó 23. Lápá òkè, ó di ẹ̀yìn 33 kó tó hàn gbangba pé ewu ń gòkè. Nítorí náà, ẹni ọdún 75 tó wà ní 21, tí àtẹ ní kò séwu, ó yẹ ká bi í bó ṣe ń jẹun. Ẹni ọdún 75 tó wà ní 27, tó ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́ oko rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má lé e kúrò nídìí oúnjẹ. Ara àgbà máa ń fẹ́ ohun ìpamọ́ díẹ̀: bí ibà bá dá a wó fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bí eegun bá dá, inú ohun ìpamọ́ yẹn ni yóò ti máa jẹ.

Ẹ ó wá bi mí pé 24.4 ìyá mi ṣebí ó wà nínú ibi tó dára náà? Ó wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbà débẹ̀ ni kò dára. Ohun tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ lára àgbà ni ibi tí ìwọ̀n ń kọjú sí àti bó ṣe ń yára tó. Bí àgbà bá pàdánù ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń wá a, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Fún ẹni 60 kílò, kílò 3 péré nìyẹn. Kílò 7 ìyá mi lé ní ìdá 10, oṣù mẹ́rin sì ni. Tiwọn tilẹ̀ sàn, nítorí a mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ebi pa ara rẹ̀ rù láìṣe eré ìmárale, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń lọ lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rá. Bó bá sì padà jẹun tó tún sanra, ọ̀rá ló máa ń yára padà, iṣan kì í fẹ́ bá a dé.

"Ara ọjọ́ ogbó ni." Gbólóhùn yìí ti pa èèyàn púpọ̀ lójú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé sọ ọ́. Ọjọ́ ogbó kì í fa kílò márùn-ún tu lára èèyàn láàárín ọdún kan. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò tíì hàn dáadáa, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó lè jẹ́ ẹṣẹ́ ọ̀fun, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Ó lè jẹ́ oògùn: metformin tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò máa ń dín ìfẹ́ oúnjẹ àwọn míì kù. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró, dókítà tó kọ ọ́ ni kí ẹ lọ bá. Ó sì lè jẹ́ eyín lásán. Mo ti rí bàbá kan tí àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ìwòsàn ńlá, tó jẹ́ pé eyín méjì tó ń mì ni kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹ ẹran láti ìgbà ìkórè iṣu.

Ìdánìkanjẹun tún wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, wọ́n wà ní Àbújá, wọ́n wà ní Kánádà. Ìyá tàbí bàbá tó ṣẹ́kù nílé kò rídìí tí òun yóò fi dáná nítorí ẹnu kan. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ju ìgbàkígbà lọ. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rá lè gbàgbé pé òun kò tíì jẹun. Tí ẹ bá ń pè láti ìdálẹ̀, ẹ má fi "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí "A ti jẹun o" ni wọn yóò sọ. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n jẹ, àti ẹni tí wọ́n bá jẹ ẹ́.

Nígbà míì òṣùwọ̀n á gòkè, inú àwọn ará ilé á dùn, omi ló sì jẹ́. Bí kílò 2 bá lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ọrùn ẹsẹ̀ wú, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jin tí kò tètè kún, ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kò bá sì lè sùn gbalaja nítorí èémí, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n wọ́n nílé, ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí símẹ́ńtì tó tẹ́jú, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ ló dára, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun. Kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n tú gèlè, kí wọ́n yọ fóònù àti owó tí wọ́n so mọ́ etí ìró. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ bá dókítà. Yóò wúlò fún un ju nọ́ńbà ọjọ́ kan ṣoṣo lọ.

Ohun méjì tún wà tí kò nílò òṣùwọ̀n. Ẹ mú téèpù télọ̀, kí wọ́n jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ fi yí ẹsẹ̀ ká láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí ẹran ti pọ̀ jù. Bí kò bá tó sẹ̀ntímítà 31, a jẹ́ pé iṣan ti ń tán níbẹ̀. (Ẹsẹ̀ tó bá wú kò ṣeé fi ṣe é.) Èkejì, kí wọ́n jókòó sórí àga tó dúró dáadáa, kí wọ́n ká apá mọ́ àyà, kí wọ́n dìde dúró ṣánṣán kí wọ́n tún jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún, láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, okun ẹsẹ̀ ti dín. Ìyá mi lo 19 lọ́jọ́ tí òrùka bọ́, wọ́n sì ní òòyì ń kọ́ àwọn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá máa rò pé àgbà kò lè sanra jù. Ó lè sanra jù. Ọ̀rá inú ikùn ló burú jù nínú gbogbo ọ̀rá, torí ó wà láàárín ìfun àti ẹ̀dọ̀, ó ń pe ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn ọkàn. Ẹ wọn ìbàdí láàárín ìhà tó kẹ́yìn àti eegun ìdí: bí ó bá lé ní sẹ̀ntímítà 102 fún ọkùnrin, tàbí 88 fún obìnrin, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀, kódà bí BMI bá ní kò sí. Orúnkún náà ń jìyà rẹ̀. Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa, kò sí ibi tí èèyàn ń lọ ní Èkìtì tí kò ní gun nǹkan. Àwọn tó ti wọn ohun tí orúnkún ń gbé rí i pé kílò kan tí ẹni tí orúnkún ń dùn bá yọ kúrò lára, ìnira bíi kílò mẹ́rin ló ń fúyẹ́ lórí orúnkún náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó jò díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú eré ìmárale, pẹ̀lú ojú oníṣègùn lára rẹ̀. Kó dín epo, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì àti bí òkèlè ṣe tóbi tó. Kó má dín ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin kù. Àwọn tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fa ikùn wọlé, ìgbẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń mú èèyàn yà. Omi ló ń lọ, ọ̀rá kò lọ síbì kankan, omi tó lọ yẹn sì léwu fún àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Oúnjẹ tí iṣan ń jẹ ni wọ́n ń pè ní purotéènì. Àgbà nílò rẹ̀ ju ọ̀dọ́ lọ: gíráàmù 1 sí 1.2 lójúmọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, àyàfi ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí dókítà gbọ́dọ̀ bá ṣe ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fún ìyá mi ní kílò 61, nǹkan bí gíráàmù 61 sí 73 ni. Ẹyin kan ní bíi 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ lè tó 20. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́? Díẹ̀ tíńtín ni. Àwọn tó ní iyán ni kí àgbà kọ́kọ́ pa tì, èmi kò bá wọn lọ. Ohun tó bá iyán dé ni kí ẹ wò. Iyán tó mọ níwọ̀n, tí ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ àti ẹja wà lórí rẹ̀, oúnjẹ gidi ni fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti kọ gbogbo nǹkan míì. Fún ẹni tí eyín rẹ̀ kò le, mọ́ínmọ́ín, èkuru, wàrà àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ kò nílò eyín púpọ̀.

Oúnjẹ nìkan kò sì ń kọ́ iṣan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni ọdún 65 sókè máa rìn tàbí ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí ó sì máa ṣe eré okun àti ti ìdúróṣánṣán ní ọjọ́ mẹ́ta. Dídìde àti jíjókòó lórí àga yẹn gan-an jẹ́ eré okun. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ní àwọn onímọ̀ oúnjẹ. Bí wọ́n bá sọ fún òbí yín pé kí ó dín oúnjẹ kù, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí n bá ìyá mi béèrè nìyẹn, n kò béèrè.

Ó di oṣù keje báyìí. Ìyá mi ń jẹ ẹyin kan láàárọ̀ àti ẹ̀wà lọ́sàn-án, ọmọ àbúrò mi kan sì ti ń bá wọn gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun alẹ́. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ wọ́n a fa àga wọn, wọ́n a máa kà á sókè bí wọ́n ṣe ń dìde: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ìṣẹ́jú àáyá 14 ni wọ́n lò ní Sátidé tó kọjá. Kílò wọn jẹ́ 64. Mo ti fi òwú wé abẹ́ òrùka wọn nígbà yẹn kó má baà tún bọ́. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti tú òwú náà, wọ́n ní ó ti ń fún àwọn níka.